Wọ́n fẹ́ wá ta fáólìnì nínú gbọ̀ngàn àríyá wa lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun: kí ni kí n bèèrè lọ́wọ́ wọn?

Ìyá Gbọ̀ngàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi ni mò ń bójú tó gbọ̀ngàn àríyá kan lẹ́yìn Old Kent Road, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni ín, ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Àwọn onítáyà ló wà nísàlẹ̀ wa, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín àwa àti ìjọ kan. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ọjọ́ ìbí, gbogbo rẹ̀ là ń gbà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́bọ̀, gbọ̀ngàn ń sùn ni.

Wàyí o, obìnrin kan kọ ímeèlì sí mi. Ó ní òun ń ta fáólìnì nínú ọkẹ́sítírà kan níhìn-ín ní London, mi ò ní dárúkọ wọn. Òun àti àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ wá ṣeré fún nǹkan bíi wákàtí kan, orin tí Haydn àti Samuel Coleridge-Taylor kọ. Kò sí máíkì, kò sí sípíkà, kò sí DJ. Mo ní ó dáa. Ìgbà tó wá fi ohun tí wọ́n nílò ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ di rúdurùdu. Àga mẹ́rin tí kò ní apá, tí kò sì rọ̀. Kí n pa gbogbo fíríjì. Àwọn ò fẹ́ ìtàgé, ìsàlẹ̀ làwọn fẹ́ jókòó sí kí èèyàn yí àwọn ká. Kí iná má máa pààrọ̀ àwọ̀. Kí inú ilé móoru, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ tó ń mú un móoru má pariwo.

Gbogbo àga tí mo ní, àga àríyá ni, èyí tí à ń fi aṣọ funfun bò tí a sì ń so ọ̀já góòlù mọ́ lẹ́yìn. Fíríjì mẹ́ta ló wà nídìí báà, wọn ò sì kú rí láti ìgbà tí a ti rà wọ́n.

Ní ti owó, wọ́n ní kí a jọ pín owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí èmi mú owó báà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀tàn ni. Ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá etí odò Thames, kí ló ń wá lókè ilé onítáyà? Ẹ dákun, ṣé irú nǹkan báyìí wà lóòótọ́? Ṣé màá tún gba láìsẹ́nsì mìíràn lọ́wọ́ kánsù? Ṣé kí n se oúnjẹ? Àwọn èèyàn tiwa ńkọ́, ṣé wọ́n á yọjú?

Ọmọ Rye Lane

Àǹtí, ẹ gba owó gbọ̀ngàn yín pé, kí ẹ sì gbà á ṣáájú. Mo ti wà ní Peckham nígbà tí àwọn awakọ̀ takisí kì í fẹ́ gbé èèyàn débẹ̀ lálẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí alájà púpọ̀ tó wà lẹ́yìn Rye Lane, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ ọnà lọ síbẹ̀ ní 2007. Ilé ọtí tẹ̀lé e lórí òrùlé. Lẹ́yìn náà ni owó ṣọ́ọ̀bù gbéra, tí àwọn tó ń ta iṣu àti ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́. Mi ò sọ pé orin ló fà á o. Mo kàn sọ pé nígbà tí wọ́n bá ń ya fọ́tò àdúgbò tí wọ́n fẹ́ tà, orin ló máa ń wà níwájú. Ẹ bi wọ́n léèrè iye tí wọ́n ń san níbòmíràn.

Sẹ́lò Ìjẹ̀bú

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Sẹ́lò, fáólìnì ńlá tí à ń jókòó ta, ni mò ń ta, òun ni mo fi ń jẹun, nínú ọkẹ́sítírà yòówù tó bá pè mí. Ẹni tó kọ ímeèlì yẹn sí yín mọ iṣẹ́. Bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ pa fíríjì ni mo bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iná mànàmáná ìlú yìí ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe rí ní Nàìjíríà náà. Kíkùn tí mọ́tò fíríjì ń kùn wá bọ́ sítòsí nóòtì G, ó kàn fi díẹ̀ ga jù ú lọ. Bó bá jẹ́ Fantasiestücke ni wọ́n fẹ́ ta nínú iṣẹ́ Coleridge-Taylor, orin kéékèèké márùn-ún tó kọ nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Music, kíì G ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, ìyẹn ni pé G ni orin ń padà sí. Ẹ wò ó, a ta G tán, a gbé ọrún tí a fi ń ta á sókè, ilé dákẹ́, fíríjì mẹ́ta wá ń bá orin lọ ní G tirẹ̀ tí kò bá tiwa mu. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé àwa la ta á gbòdì. Ẹ pa wọ́n nígbà tó bá ku díẹ̀ kí eré bẹ̀rẹ̀, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn wọn, ọtí ò ní gbóná láàárín wákàtí kan. Kí ẹ má bàa gbàgbé láti tàn wọ́n padà, ẹ ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín sínú ọ̀kan nínú wọn. Bí àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú ilé onílé ṣe ń ṣe é nìyẹn, nítorí kò sẹ́ni tó máa lọ sílé láìmú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Àga àríyá ò dára fún wa nítorí ó rọ̀ sẹ́yìn. Etí àga lonísẹ́lò ń jókòó sí, tí ẹsẹ̀ méjèèjì á tẹ ilẹ̀ dáadáa. Bí ìdí bá rì wọ inú tìmùtìmù, orúnkún á ga, sẹ́lò á yẹ̀, ọwọ́ tó di ọrún mú ò ní rí ibi gbà kọjá. Àga ìdáná onígi lásán tó. Ẹ tún wá kápẹ́ẹ̀tì kékeré kan sílẹ̀ fún onísẹ́lò, torí irin ṣóńṣó kan wà nísàlẹ̀ sẹ́lò tó ń gún ilẹ̀. Lórí táìlì ó ń yọ̀, tàbí kó ha ilẹ̀ yín lára, ẹ̀gbọ́n yín á sì fi ìyẹn ṣe ẹjọ́. Ní ti àga àwọn tó wá gbọ́ orin, ẹ má tú aṣọ wọn o! Táìlì nísàlẹ̀, páànù lókè, ohùn á máa ta kiri nínú ilé yẹn ni. Aṣọ ara àga àti ara èèyàn ló máa gbé e mì. Bálúùnù nìkan ni kí ẹ kó kúrò, ẹ mọ ìdí.

Bí òjò bá rọ̀ sórí páànù ńkọ́? Kò sóhun tí a lè ṣe sí i, a ó máa ta lọ ni. Ìdí tí mo fi mọ̀ ni ibi ìgbọ́kọ̀sí tí Ọmọ Rye Lane dárúkọ. Ní 2011 ni ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ Multi-Story Orchestra bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré níbẹ̀, The Rite of Spring ti Stravinsky ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin tó ń wọ ibùdókọ̀ Peckham Rye ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ìró rẹ̀ ń wọlé tààrà torí pé kò sí ògiri tó dí i. Ní 2016, BBC gbé ọ̀kan lára eré Proms, àjọ̀dún orin wọn ọdọọdún, wá síbẹ̀, orin Steve Reich ni wọ́n ta. Kò sẹ́ni tó dá orin dúró de ọkọ̀ ojú irin. Ariwo tó ń kọjá lọ ò pa orin lára, èyí tó dúró sójú kan tó ń kùn ni ọ̀tá wa. Nítorí náà, ẹ bi ìjọ tẹ́ ẹ jọ pín ògiri bóyá ẹgbẹ́ akọrin wọn máa ń fi orin kọ́ra lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Dùrọ́ọ̀mù tó ń gba ara ògiri wọlé burú ju ogún fíríjì lọ.

Ẹ̀gbọ́n yín bèèrè ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ sọ fún wọn pé nínú ọkẹ́sítírà ńlá, àwọn tó ń ta fáólìnì àkọ́kọ́ lè tó mẹ́rìnlá, nóòtì kan náà ni gbogbo wọn ń ta, ojú wọn wà lára ẹni tó ń darí. Bí mo bá gbé ọrún mi sókè fún ìlà méjì nínú àwọn onísẹ́lò mẹ́wàá, àfi ẹni tó jókòó tì mí ló máa mọ̀. Nínú àwọn mẹ́rin, kò sí olùdarí, kò sí ibi ìsápamọ́. Ẹni tó ń ta fáólìnì àkọ́kọ́ ló ń fi imú fa èémí láti sọ ìgbà tí a ó bẹ̀rẹ̀, bó bá ṣe fà á ni orin á ṣe yá tó. Ẹni tó bá jókòó sí mítà kan sí wa á gbọ́ èémí yẹn, á rí ẹ̀tù funfun (oje igi tí a fi ń ra ọrún) tó ń dà láti ara ọrún sórí ṣòkòtò dúdú, á rí i bí onífíólà (fáólìnì tó fi díẹ̀ tóbi jù) ṣe ń ṣẹ́jú sí mi pé mo ti ń sáré jù. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwọn tó wà lókè kì í rí ìkankan nínú èyí. Ohun tí àwọn yẹn fẹ́ wá tà lọ́dọ̀ yín nìyẹn o, ìsúnmọ́ra. Torí náà, ẹ má tẹ́ àga igba. Ọgọ́ta tàbí àádọ́rin tó, kí ẹ kó wọn jọ sí àárín, kí ẹ fi aṣọ dí ìyókù gbọ̀ngàn. Bó bá kún jù, kí wọ́n ta á lẹ́ẹ̀méjì lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìyẹn tún bá àwa tí a máa ń pẹ́ dé mu.

Àti pé orí òkè ilé onítáyà kì í ṣe àṣà tuntun. Ní 1678, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Thomas Britton bẹ̀rẹ̀ sí í pe olórin wá sí Clerkenwell ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èédú ló ń tà, ó ń kiri rẹ̀ lójú pópó. Ìsàlẹ̀ ni èédú wà, àjà òkè ni wọ́n ti ń ta fáólìnì, àtẹ̀gùn ìta ilé ni wọ́n ń gbà gòkè, òkè ilé sì kéré dé ibi pé agbára káká ni ẹni tó bá ga fi lè nàró níbẹ̀. Àwọn ọlọ́lá ń gun àtẹ̀gùn yẹn. Títí tó fi kú ní 1714 ló ṣe é. Mozart náà, ìgbéyàwó ọmọ ìdílé Haffner ní Salzburg ní 1776 ló kọ serenade ńlá kan, orin àríyá, fún. Kí ni gbọ̀ngàn yín ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta tó yàtọ̀ sí ìyẹn?

Láyé ìsinsìnyí, Orchestra of the Age of Enlightenment ti ní eré kan tí wọ́n ń pè ní The Night Shift láti 2006, wọ́n sì ti gbé e lọ sínú ilé ọtí kiri London. Ife bíà wà lọ́wọ́ èèyàn, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ń sọ ọ́. Okùn ìfun ẹran làwọn yẹn ń lò bíi ti ayé àtijọ́, okùn yẹn kórìíra ooru, ó kórìíra òtútù, síbẹ̀ wọ́n ń lọ. Chi-chi Nwanoku, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, dọ́bù béèsì ló ń ta. Òun náà ló dá Chineke! sílẹ̀ ní 2015, kí àwọn olórin aláwọ̀ dúdú lè rí ibi jókòó sí. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn tó kọ̀wé sí yín jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí funfun, kò sì kàn mí.

Tí ẹ̀gbọ́n yín bá ṣì ń jiyàn, ẹ rán wọn létí pé ní 2013 àwọn olùwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú bíi 240 ní Southwark nìkan, púpọ̀ wọn nínú ilé ìkẹ́rùsí, lókè gáréèjì, nínú ilé sinimá tó ti kú. Àwa ni ọ̀gá nínú ká sọ ibi tí kò yẹ di ibi tó yẹ.

Láìsẹ́nsì: lábẹ́ òfin England, láti ìgbà Live Music Act 2012, orin tí kò lo ẹ̀rọ agbóhùnsókè kò nílò láìsẹ́nsì láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago mọ́kànlá alẹ́. Ọtí ló nílò rẹ̀. Bí láìsẹ́nsì ọtí yín bá bo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá bò ó, ẹ kọ Temporary Event Notice (ìwé tí a fi ń sọ fún wọn pé a fẹ́ ṣe àríyá ìgbà díẹ̀) sí kánsù, £21 ni, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ṣáájú. Haydn kú ní 1809, Coleridge-Taylor ní 1912, kò sẹ́ni tó ń gba owó lórí orin wọn mọ́.

Ní ti owó, mo fara mọ́ Ọmọ Rye Lane dé ìdajì. Ẹ má pín tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣírò owó gáàsì, owó ẹni tó máa gbálẹ̀, owó àárẹ̀ yín, kí ẹ sọ iye kan pàtó tó kéré sí ti ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ó wà nínú ìwé. Owó báà náà tiyín ni. Ẹ bèèrè ìwé ìbánigbófò wọn pẹ̀lú. Bí wọ́n bá wà nínú Musicians' Union, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn olórin, wọ́n á ní in. Ṣùgbọ́n ẹ má fi owó ìgbéyàwó lé wọn lórí o, torí tá a bá kó owó tíkẹ́ẹ̀tì ọgọ́ta jọ tí a pín in sí mẹ́rin, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ni.

Ẹ tan ẹ̀rọ ìmóoru láti ọ̀sán, kí ẹ pa á bí àwọn èèyàn bá ṣe ń jókòó. Ẹ má jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí wa lára, igi á là. Oúnjẹ, ẹ sè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orin ni kí ẹ bù ú. Ẹ má dín nǹkankan lọ́wọ́ nígbà tí orin ń lọ. Mo ti ta Beethoven rí níbi tí wọ́n ti ń dín dòdò nínú yàrá kejì, mi ò lè sọ fún yín bí apá kejì orin náà ṣe lọ.

Ará Onikan

Láti Èkó ni mo ti ń kí yín. Ẹ̀yin ń sọ ti fíríjì! Àwa níhìn-ín, bí ẹ bá ti jáde kúrò nínú MUSON, gbọ̀ngàn orin wa ní Onikan, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ni ẹ̀yin àti olórin jọ máa pín. Mo ti jókòó nínú àgbàlá kan ní Surulere tí àwọn ọmọ tó kọ́ṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ń ta fáólìnì fún wa. Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ló ń dún, ohùn wọn ò sì bára mu. Ìgbà tí wọ́n mú iná dé, tí gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn la tó mọ̀ pé orin náà dùn.

Àǹtí, ẹ ní kí wọ́n fi nǹkan tiwa kún un. Coleridge-Taylor fúnra rẹ̀ ní orin dùùrù kan tó ń jẹ́ Oloba, nínú 24 Negro Melodies tó jáde ní 1905. Victoria Randle, ará Èkó, ló fún un ní orin yẹn. Fela Sowande náà wà níbẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní 1905, tó tẹ dùùrù ní Kingsway Hall ní London níbẹ̀ tó sì tún ń ta jáàsì nílé ijó. African Suite rẹ̀, orin olókùn ni. Ẹ ní kí wọ́n ta Akinla, èyí tó kẹ́yìn nínú rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ò ní lè jókòó.

Sẹ́lò Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ ńlá lẹ sọ. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ olókùn ni Sowande kọ African Suite fún, àwọn mẹ́rin á ní láti tún un tò, kí wọ́n sì gba àṣẹ, torí 1987 ló kú, orin rẹ̀ ṣì ní ẹni tó ń gba owó lórí rẹ̀. Fún alẹ́ àkọ́kọ́, Àǹtí, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè ta Haydn Op. 33 nọ́ńbà 2, èyí tí wọ́n sọ ní The Joke (Àwàdà). Ní ìparí rẹ̀, orin á dúró, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, orin á tún bẹ̀rẹ̀. Á tún dúró. Haydn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Nínú gbọ̀ngàn ńlá, àwọn tó ti mọ̀ ọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Lọ́dọ̀ yín, wọ́n á bá wa jà.

Ìyá Gbọ̀ngàn

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Ìjọ ẹ̀gbẹ́ wa ní ọjọ́ Ọjọ́rú ni àwọn ń kọ́ orin, wọ́n tilẹ̀ ní àwọn á kéde rẹ̀ fún wa ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ̀gbọ́n mi ti ka ibi èédú yẹn, wọn ò sọ nǹkankan, wọ́n kàn ní kí n má jẹ́ kí wọ́n ha táìlì. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Mo mọ àwọn èèyàn wa. Bí orin bá wọ̀ wọ́n lára, wọ́n á dìde náwó fún wọn. Ṣé kí n dá wọn dúró?

Sẹ́lò Ìjẹ̀bú

Ẹ má dá wọn dúró o! Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí wọ́n má lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí, torí kò sí ọwọ́ tí olórin máa fi mú un, ojú ló sì máa ń já bọ́ sí. Níbi ìkómọ kan ní Croydon, màmá kan rí i pé owó ò dúró lórí mi, wọ́n bá ṣẹ́ pọ́n-ùn mẹ́wàá sí mẹ́rin, wọ́n sì tì í bọ inú ihò tó wà ní àyà sẹ́lò. Ó ń dún gbẹ̀kẹ̀gbẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀ títí a fi ta orin yẹn tán. Ẹni tó ń tún sẹ́lò mi ṣe ló fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ ọ́, £15 ló sì gbà. Ẹ gbé igbá kan síwájú wọn.